Yíya Fíìmù Sínú Fídíò ní Àwòrán Kọ̀ọ̀kan

Yíya fíìmù sínú fídíò ní àwòrán kọ̀ọ̀kan ni ọ̀nà tí kámẹ́rà fi ń ya àwòrán kan ṣoṣo nígbàkígbà tí fíìmù bá dúró níwájú iná pírójẹ́kítọ̀. Àkókò ni ẹ̀mí iṣẹ́ yìí, pírójẹ́kítọ̀ ló sì gbọ́dọ̀ pàṣẹ rẹ̀, kì í ṣe aago inú kámẹ́rà. Ọ̀rọ̀ náà kàn Festac Town ní Àmúwo-Ọ̀dọ̀fin ní Èkó gbọ̀ngbọ̀n. Tìtorí àlejò àjọ̀dún FESTAC, tó wáyé láti ọjọ́ 15 oṣù Kìíní sí ọjọ́ 12 oṣù Kejì ọdún 1977, ni wọ́n ṣe kọ́ Festac Town, sáà náà gan-an sì ni sinimá Yorùbá ń gbilẹ̀ lórí fíìmù: Àjàní Ògún tí Ọlá Balógun darí jáde ní 1976, Aiyé ti Hubert Ògúnǹdé sì jáde ní 1979.

Fíìmù kì í ṣàn gẹ́rẹ́ kọjá níwájú iná. Èékánná irin kan ló ń fà á, tó ń fi í sílẹ̀ kó dúró, tó tún ń fà á, ìgbà 24 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan fún fíìmù sinimá. Abẹ́ irin tó ń yí sì ń dí iná nígbà tí fíìmù bá ń rìn; bí abẹ́ náà bá ní apá méjì, iná á tàn ní ìgbà 48. Kámẹ́rà fídíò ìlànà PAL tí Nàìjíríà ń lò ń ya àwòrán 25. Bí kálukú bá ń tẹ̀lé aago tirẹ̀, àwòrán méjì á wọnú ara wọn, ìmọ́lẹ̀ á sì máa ṣẹ́jú. Onílù ló ń darí oníjó: a ó lẹ mágínẹ́ẹ̀tì kékeré mọ́ ọ̀pá tó ń yí lẹ́ẹ̀kan fún àwòrán kọ̀ọ̀kan, sẹ́ńsọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á sì tẹ kámẹ́rà lẹ́yìn tí fíìmù bá ti dúró. A ó dín eré mọ́tò kù, a ó sì fi iná LED rọ́pò gílóòbù gbígbóná, kó má bàa jó fíìmù tó ń rọra kọjá.

Àwọn kan á ní ó pẹ́ jù. Òótọ́ ni: sinimá wákàtí kan ààbọ̀ ní àwòrán 129,600, bí a bá ń ya méjì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, wákàtí 18 ni. Ṣùgbọ́n bí àwòrán kan bá sọnù nínú ẹgbẹ̀rún, ó lé ní ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún tó bọ́, ohùn tí a gbà lọ́tọ̀ kò sì ní bá ẹnu òṣèré mu mọ́. Àwọn mìíràn á ní kọ̀ǹpútà lè tún un ṣe. Kọ̀ǹpútà lè mú ìmọ́lẹ̀ dọ́gba, àmọ́ kò lè dá àwòrán tí kámẹ́rà kò rí padà bó ṣe wà.

Àtakò tó lágbára jù ni pé èékánná lè ya fíìmù tó ti súnkì. Irú èyí, àti èyí tó ń rùn bíi fínígà, kò yẹ kó wọ pírójẹ́kítọ̀ rárá. Ti àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ni. Bí àpẹẹrẹ, wọ́n rí fíìmù Shaihu Umar ti 1976 ní ibi ìpamọ́ ní Jos, wọ́n tún un ṣe pẹ̀lú iléeṣẹ́ Arsenal ní Berlin, ó sì padà sójú agbo ní 2018. Ṣùgbọ́n fún fíìmù tó ṣì le, irú èyí tí ìdílé fi ya ìgbéyàwó àti ìsọmọlórúkọ, mágínẹ́ẹ̀tì àti sùúrù tó. Èyí tó yẹ kí a kọ́kọ́ náwó lé ni kí kámẹ́rà yàwòrán lásìkò, nítorí kámẹ́rà olówó gọbọi tó ń yàwòrán láìbásìkò kò lè gba fíìmù kankan là.