Àwọn Òògùn Hòmóònù Nínú Ìtọ́jú Ẹran Ọ̀sìn

Hòmóònù ni àwọn èròjà tí ara ènìyàn àti ti ẹranko ń pèsè fúnra rẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ sì ń gbé kiri bí ìránṣẹ́ láti ẹ̀yà ara kan dé òmíràn. Ìwọ̀nba kín-ń-kín rẹ̀ ni ó ń ṣiṣẹ́ ńlá. Ìdí nìyí tí òògùn tí a bá fi irú èròjà bẹ́ẹ̀ ṣe kì í fi í ṣe ohun tí olùsìn ẹran lè rà lọ́jà kí ó sì gún fún ẹran láìjẹ́ pé dókítà ẹran ti yẹ ẹran náà wò.

Oxytocin ni ọ̀pọ̀ olùsìn mọ̀. Òun ni ó ń mú kí wàrà tú sílẹ̀ nígbà tí ọmọ bá ń mu ọmú, òun náà ni ó sì ń mú kí ilé ọmọ fún pọ̀ nígbà ìrọbí. Vincent du Vigneaud, onímọ̀ kẹ́míkà ará Amẹ́ríkà, ṣe é ní ilé àyẹ̀wò ní ọdún 1953, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1955. Dókítà ẹran a máa lò ó bí ìrọbí kò bá lágbára tó. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá dábùú, tàbí tí ẹnu ilé ọmọ kò tíì ṣí, abẹ́rẹ́ yìí lè fa ilé ọmọ ya, kí ìyá àti ọmọ sì bá a lọ.

Èyí tí ó yẹ kí a fara balẹ̀ lé lórí jù ni prostaglandin, tí ìgò rẹ̀ lè jẹ́ dinoprost tàbí cloprostenol. Lẹ́yìn tí ẹyin bá ti já, ẹran kékeré kan a máa hù lára ilé ẹyin màlúù. Hòmóònù tí ó ń ti ibẹ̀ jáde ni kì í jẹ́ kí màlúù tún wá akọ, òun náà ni ó sì ń dáàbò bo oyún. Prostaglandin a máa pa ẹran kékeré yìí run. Màlúù tí kò lóyún yóò wá akọ láàárín ọjọ́ 2 sí 5, dípò kí olówó rẹ̀ dúró de àyípo ọjọ́ 21. Èyí ni ó fi ṣeé ṣe láti mú agbo màlúù wá akọ lẹ́ẹ̀kan náà. Abẹ́rẹ́ méjì ni a sábà ń lò fún un, èkejì a tẹ̀lé àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọjọ́ 11 sí 14.

Bí màlúù náà bá ti lóyún ńkọ́? Abẹ́rẹ́ kan náà ni yóò ba oyún jẹ́. Ti ewúrẹ́ tún burú jù, nítorí pé títí di ọjọ́ ìbí ni oyún rẹ̀ gbára lé ẹran kékeré yìí. Ẹni tí kò bá mọ̀ bóyá ẹran rẹ̀ lóyún kò ní ìdí láti fa òògùn yìí sínú abẹ́rẹ́.

Ewu rẹ̀ kò mọ sí ara ẹran nìkan. Prostaglandin a máa gba awọ ara wọlé. Aboyún kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án rárá, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó ní ásímà, nítorí pé ó lè mú kí èémí há a. Kí ẹni tí yóò gún un wọ ìbọ̀wọ́. Bí ó bá ta sí ara, kí a fi ọṣẹ àti omi wẹ̀ ẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ìgò òfìfo rẹ̀ kì í ṣe ohun ìṣeré ọmọdé.

Dexamethasone náà, tí àwọn kan ń gún kiri bí ẹni pé fítámì ni, lè mú kí màlúù tí oyún rẹ̀ ti dàgbà bímọ kí ọjọ́ tó pé, ó sì ń dín agbára ara kù láti bá àìsàn jà.

Ní ẹ̀ka ẹja ni òògùn hòmóònù ti wúlò fún wa jù. Ẹyin a máa pọ̀n nínú abo ẹja àrọ̀ tí ó wà nínú ọ̀gbun, ṣùgbọ́n kì í yé e, nítorí pé kò sí ìkún omi òjò tí ń ta á jí nínú odò. Láyé àtijọ́, èròjà láti ìsàlẹ̀ ọpọlọ ẹja mìíràn ni a ń lọ̀ fún un. Lónìí, Ovaprim ni ọ̀pọ̀ ń lò, ní ìwọ̀n ìdajì mílílítà fún kílò ẹja kan. Ó sábà máa ń tó wákàtí 10 sí 12 kí a tó tẹ ẹyin jáde, bí omi bá sì tutù, a pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá ẹja tí a gún kò gbọdọ̀ ti ibẹ̀ bọ́ sínú ọbẹ̀.

Ọ̀pọ̀ olùgbé ń bẹ̀rù pé hòmóònù ni ó ń mú kí adìyẹ bróílà tètè tóbi. Kò rí bẹ́ẹ̀. Yíyan irú-ọmọ fún ọ̀pọ̀ ọdún àti oúnjẹ tí ó péye ni ó ń mú un dàgbà láàárín ọ̀sẹ̀ 6 sí 8. Hòmóònù ìdàgbàsókè jẹ́ èròjà bíi ti ẹ̀wà àti ẹran: bí a bá pò ó mọ́ oúnjẹ, ikùn adìyẹ yóò lọ̀ ọ́ dànù. Àṣẹ́kù òògùn apakòkòrò ni ó yẹ kí a máa béèrè nípa rẹ̀. Síbẹ̀, ìbẹ̀rù náà ní orísun: ní Amẹ́ríkà, wọ́n fi òfin dá lílo DES fún màlúù dúró ní ọdún 1979, lẹ́yìn tí a ti rí i ní ọdún 1971 pé àwọn ọmọbìnrin tí ìyá wọn lò ó nígbà oyún ń ní àrùn jẹjẹrẹ kan tí kò wọ́pọ̀.

Kí ẹ tó ra òògùn, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC lára rẹ̀, kí ẹ sì rí i pé ẹni tí yóò gún un ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Veterinary Council of Nigeria. Ẹ béèrè iye ọjọ́ tí ó gbọdọ̀ kọjá kí a tó pa ẹran tàbí ta wàrà rẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ abẹ́rẹ́, orúkọ òògùn àti àmì ẹran náà sínú ìwé, kí ẹ sì fi hàn ẹni tí ó bá fẹ́ rà á.