Ìràwọ̀ Mélòó Ni Ìjà Yìí Tó? Ìtàn Bí A Ṣe Ń Díwọ̀n Ìjàkadì Aláfihàn

 Ọ̀rọ̀ ìró ohùn àti ìhun gbólóhùn ni ẹ sábà máa ń bá lójú ewé yìí, ṣùgbọ́n ìbéèrè akẹ́kọ̀ọ́ mi kan ni ó mú mi yà sí ọ̀nà mìíràn lónìí. Ó gbọ́ tí èmi àti olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan ń jiyàn lórí ìjàkadì tí wọ́n ń jà fún owó ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀rín ni ó kọ́kọ́ rín. Ó ní, “Ẹ má bínú o, sà. Ṣé ẹ̀yin náà máa ń wo ìjà irọ́ yẹn ni? Bí wọ́n bá ti sọ ẹni tí yóò borí fún wọn kí wọ́n tó jáde, kí ni ó wá kù tí ènìyàn lè pè ní ìjà tó dára tàbí èyí tí kò dára?”

Mo fún un ní èsì ráńpẹ́, ó dúpẹ́, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tí mo délé ni mo rí i pé ìbéèrè náà ju èsì tí mo fún un lọ. Àlàyé tí ó tọ́ sí i ni mo fẹ́ ṣe níhìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti ara ọ̀rọ̀ tí ó lò. “Irọ́” ni ó pè é. Ẹni tó ń purọ́ ń fẹ́ kí a gba ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ gbọ́ títí láé. Èdè wa ní ọ̀rọ̀ mìíràn tí ó bá ọ̀ràn yìí mu jù bẹ́ẹ̀ lọ, èyí ni “eré”. A kì í pe òṣèré ní òpùrọ́ nítorí pé ó sunkún lórí ìtàgé. Nínú ìjà ẹkẹ àwọn baba wa, ilẹ̀ gan-an ni adájọ́: ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá kan ilẹ̀, òun ni wọ́n dá, kò sí ohun tí ènìyàn tún fẹ́ jiyàn lé lórí. Ṣùgbọ́n níbi tí ilẹ̀ kì í ti í ṣe adájọ́ mọ́, àwọn òǹwòran ní láti wá òṣùwọ̀n mìíràn. Ìtàn bí wọ́n ṣe wá òṣùwọ̀n náà ni ìtàn tí mo ń sọ.

Ní ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 1916, Joe Stecher àti Ed Lewis, ẹni tí wọ́n ń pè ní “Strangler”, pàdé ní ìlú Omaha ní ìpínlẹ̀ Nebraska. Nǹkan bíi wákàtí márùn-ún ni wọ́n fi di ara wọn mú, kò sì sí ẹni tó borí. Ẹ ro ti ẹni tí ó sanwó wọlé! Agbára wà níbẹ̀, ọgbọ́n wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ojú lè rí. Ní àwọn ọdún 1920, Lewis yìí kan náà, pẹ̀lú alákòóso rẹ̀, Billy Sandow, àti ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Toots Mondt, yí iṣẹ́ náà padà. Wọ́n dín àkókò ìjà kù, wọ́n da ìjà ẹ̀ṣẹ́ pọ̀ mọ́ ìjàkadì, wọ́n fi ìgbéṣánlẹ̀ tí ẹni tó jókòó lẹ́yìn pátápátá lè rí kún un. Wọ́n kó àwọn oníjàkadì jọ sábẹ́ àdéhùn kan ṣoṣo, wọ́n sì ń gbé wọn láti ìlú dé ìlú gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ òṣèré. Wọ́n ti máa ń pinnu ẹni tí yóò borí kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìjà.

Láti ìgbà náà wá, òṣùwọ̀n méjì ni iṣẹ́ yìí ní. Òṣùwọ̀n ti onílé ìjà ni owó ẹnu ọ̀nà: bí ilé bá kún, ìjà náà dára. Òṣùwọ̀n ti àwọn oníjàkadì fúnra wọn jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ. Wọ́n ń bi ara wọn pé: ṣé òǹwòran dìde dúró? Ṣé wọ́n kórìíra ẹni tí ó yẹ kí wọ́n kórìíra? Ṣé ẹnì kejì mi padà sílé láìfarapa? Ṣùgbọ́n wọn kò gbọdọ̀ sọ èyí síta. Ọ̀rọ̀ kan wà tí wọ́n ń lò láàárín ara wọn, “kayfabe”, tí ó dúró fún àṣírí náà àti fún ojúṣe gbogbo wọn láti pa á mọ́. Ẹni tí wọ́n jẹ́ ọ̀tá lórí pèpéle kò gbọdọ̀ bá ọ̀tá rẹ̀ wọ ọkọ̀ kan náà níbi tí òǹwòran ti lè rí wọn. Yorùbá kò ní ṣòro láti lóye èyí. Àwa tí a mọ̀ pé ènìyàn ń bẹ lábẹ́ aṣọ eégún, tí a kì í sì í sọ ọ́ lójú agbo, mọ̀ pé awo ní í gbé awo níyì.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni òṣùwọ̀n kẹta dé, ó sì wá láti ọ̀dọ̀ òǹwòran. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní California, Dave Meltzer, ń tẹ ìwé ìròyìn kékeré kan tí ó pe orúkọ rẹ̀ ní Wrestling Observer Newsletter. Ó ń fún ìjà ní ìràwọ̀, bí àwọn tó ń lámèyítọ́ fíìmù ṣe máa ń ṣe. Òun kọ́ ló dá àṣà náà sílẹ̀. Ọ̀dọ̀ Norm Dooley àti Jim Cornette ni ó ti rí i, àmọ́ òun ni ó sọ ọ́ di mímọ̀ káàkiri ayé. Ìràwọ̀ márùn-ún ni òkè téńté. Ó ń gé ìràwọ̀ sí ìdajì àti ìdá mẹ́rin, ìjà tí kò bá sì níláárí rárá lè bọ́ sí ìsàlẹ̀ òdo. Ẹ kíyè sí ohun tí èyí túmọ̀ sí: ẹni tí ó fún ìjà ní ìràwọ̀ ti gbà pé eré ni, síbẹ̀ ó ka eré náà sí iṣẹ́ ọnà tí ó yẹ kí a fi ọgbọ́n wò.

Ọdún 1989 ni àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ràn jù. Ní oṣù Kejì ọdún náà ni ilé-iṣẹ́ World Wrestling Federation fẹnu ara wọn sọ fún àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ New Jersey pé eré ìgbádùn ni iṣẹ́ àwọn, kì í ṣe ìdíje, kí ìjọba má baà máa bójú tó wọn kí ó sì máa gba owó orí lọ́wọ́ wọn bí ó ti ń ṣe fún ìjà ẹ̀ṣẹ́. Ní oṣù kan náà, ní ìlú Chicago, lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ mìíràn tó ń bá wọn díje, Ricky Steamboat gba bẹ́líìtì lọ́wọ́ Ric Flair. Wọ́n tún pàdé ní New Orleans ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin, wọ́n jà fún nǹkan bíi ìṣẹ́jú márùndínlọ́gọ́ta. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni ti ìlú Nashville ní ọjọ́ 7 oṣù Karùn-ún. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni Meltzer fún ní ìràwọ̀ márùn-ún.

Ní Nashville yìí, àwọn tó ṣètò ìjà fi adájọ́ mẹ́ta jókòó sí ẹ̀gbẹ́ pèpéle: Lou Thesz, Pat O’Connor àti Terry Funk, tí gbogbo wọn ti gba bẹ́líìtì kan náà rí. Iṣẹ́ wọn ni láti kọ máàkì sílẹ̀ kí wọ́n lè sọ olúborí bí àkókò bá tán. Eré ni ìyẹn náà. Kò sí ẹni tó nílò máàkì wọn, nítorí Flair ni yóò borí, kò sì ní pé wákàtí kan. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ó ṣe borí. Steamboat já bọ́ láti etí pèpéle, orúnkún rẹ̀ sì kọlu ilẹ̀. Láti ìgbà náà, Flair kò gbájú mọ́ ohun mìíràn ju orúnkún yẹn lọ. Nígbà tó yá, Steamboat gbé Flair sókè láti fi í lulẹ̀, orúnkún náà yẹ̀, Flair yí i po, ó sì di ejìká rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí rẹfurí fi ka ẹẹ́ta. Ohun kan bí òmíràn, gẹ́gẹ́ bí ìtàn tí alárọ̀bá tó mọṣẹ́ ń sọ. Ká ní Steamboat ti gbàgbé orúnkún náà tí ó sì ń sáré kiri, ìjà náà ì bá ti wó, bí ó ti wù kí ó fò ga tó. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, Funk, ọ̀kan nínú àwọn adájọ́, gòkè wá, ó ní kí Flair fún òun láyè láti jà fún bẹ́líìtì. Flair kò gbà. Ni adájọ́ bá lu olúborí bí ẹní lu bàrà. Ìjà tuntun ti bẹ̀rẹ̀ láti inú èyí tí ó parí.

Èyí ni mo fi ń dá akẹ́kọ̀ọ́ mi lóhùn. Bí a kò bá béèrè ẹni tó borí mọ́, a ó máa béèrè bí ohun tó ṣáájú ṣe bí ohun tó tẹ̀ lé e. A ó tún máa béèrè ohun tí ìjà náà yí padà lọ́kàn àwọn tó wò ó. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹta ọdún 1997, nínú WrestleMania 13, Bret Hart di ẹsẹ̀ Steve Austin mú, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lójú Austin, kò sì túúbá títí ó fi dákú. Hart ni ó borí. Síbẹ̀, Hart tí wọ́n fẹ́ràn nígbà tí ìjà bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń bú nígbà tí ó parí. Austin tí wọ́n ti kórìíra ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún bí ó ti ń tiro lọ. Ìràwọ̀ márùn-ún ni ìyẹn náà gbà, ó sì tọ́ sí i.

Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n máa ń yí ohun tí a fi ń wọ̀n padà. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan èmi fúnra mi. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, ọ̀rẹ́ mi kan fún mi ní díìsìkì ìjà tí Mitsuharu Misawa àti Toshiaki Kawada jà ní gbọ̀ngàn Nippon Budokan ní Tokyo, ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà ọdún 1994. Ìràwọ̀ márùn-ún ni, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì kà á mọ́ àwọn ìjà tó dára jù lọ láyé. Ní ìparí, Misawa di apá Kawada méjèèjì mú sẹ́yìn, ó sì fi orí àti ọrùn rẹ̀ gúnlẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá dì lápá báyìí kò ní ọwọ́ tí yóò fi gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Mo dá a padà, mo tún un wò, mo pe àwọn ẹlẹgbẹ́ mi wá wò ó. A ń pariwo.

Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹfà ọdún 2009, ní ìlú Hiroshima, wọ́n gbé Misawa kan náà ṣubú sẹ́yìn nínú ìjà kan. Kò dìde mọ́. Ọ̀pá ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ ni ó farapa; ọmọ ọdún 46 ni. Ìgbéṣánlẹ̀ tó gbẹ̀yìn náà jẹ́ èyí tí ó ti gbà láìmọye ìgbà, ọrùn rẹ̀ sì ti ru ẹrù ọ̀pọ̀ ọdún. N kò sọ pé ìràwọ̀ ni ó pa á. Ṣùgbọ́n àwa tí a ń pariwo nígbà tí orí bá gúnlẹ̀ wà lára àwọn tó ń sọ fún oníjàkadì ohun tí a ń pè ní dídára. Eré ni ìjà náà o, ṣùgbọ́n ilẹ̀ kì í ṣeré.

Lẹ́yìn ìgbà náà, òṣùwọ̀n náà fúnra rẹ̀ kò gba ìwọ̀n mọ́. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kìíní ọdún 2017, Meltzer fún ìjà Kazuchika Okada àti Kenny Omega ní Tokyo ní ìràwọ̀ mẹ́fà. Nígbà tí àwọn méjèèjì tún pàdé ní Osaka ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹfà ọdún 2018, ó fún wọn ní méje. Ìjà tó dára gidigidi ni wọ́n, mo gbádùn wọn. Ṣùgbọ́n bí márùn-ún bá lè di méje, ohun tí nọ́ńbà náà ń sọ fún wa kò fi bẹ́ẹ̀ ju bí inú òǹkọ̀wé ṣe dùn tó lọ.

Nítorí náà, bí mo bá ń wo ìjà nísinsìnyí, ìbéèrè kan ni mo fi síwájú gbogbo ìràwọ̀, ìbéèrè tí àwọn oníjàkadì àtijọ́ ti ń bi ara wọn kí ìwé ìròyìn kankan tó dé: ṣé àwọn méjèèjì tọ́jú ara wọn? Lẹ́yìn ìyẹn ni mo ń wò bóyá ìrora ìbẹ̀rẹ̀ ṣì wà lára wọn ní ìparí, àti bóyá ọkàn mi kúrò níbi tí ó wà. Ẹni tí ó lè mú mi gbàgbọ́ pé orúnkún òun ti kán, tí ó sì fi orúnkún kan náà rìn lọ sílé, òun ni ọ̀gá nínú iṣẹ́ yìí.

Mo ti sọ èyí fún akẹ́kọ̀ọ́ mi náà. Ó ní òun yóò wo ti Nashville kí òun tó gbà. Mo ní kí ó má wo Flair o, orúnkún Steamboat ni kí ó máa wò.