Físà àti Owó-Orí Aṣiṣẹ́ Nílẹ̀ Òkèèrè

Ọmọ Adó-Èkìtì tó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù lẹ́bàá Ọjà Ọba, tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ fún oníbàárà ní Lọ́ńdọ̀nù, kò nílò físà. Ìgbà tó bá gbé kọ̀ǹpútà náà lọ sórílẹ̀-èdè mìíràn ni ọ̀rọ̀ di ti ìjọba méjì. Ọ̀rọ̀ náà sì ti wà ká tó mọ íntánẹ́ẹ̀tì.

Láyé àwọn òyìnbó amúnisìn, oníṣòwò Yorùbá, pàápàá ará Ògbómọ̀ṣọ́, ń ná ọjà Gold Coast, tó di Ghana lónìí, láìgba físà, torí abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni ilẹ̀ méjèèjì wà. Ghana gbòmìnira ní 1957, ọ̀pọ̀ wọn sì di àjèjì nídìí ìṣọ̀ tí wọ́n ti ń tajà. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò níwèé ìgbélùú gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kó kúrò. Àwọn oníṣòwò náà ta ọjà lọ́pọ̀, wọ́n fi ilé àti gbèsè tí wọ́n fẹ́ gbà sílẹ̀. Ní 1983, ó kan Nàìjíríà láti lé ọmọ Ghana. Báàgì tí wọ́n kó ẹrù sí là ń pè ní Ghana Must Go títí dòní.

Láàárín ìlélọ méjèèjì yìí, ní 1979, ECOWAS, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ti fàyè gba ọmọ ẹgbẹ́ láti lo 90 ọjọ́ lórílẹ̀-èdè ara wọn láìgba físà. Ẹni tó bá fẹ́ pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ gbàwé àṣẹ.

Ọdún kòrónà, 2020, ni físà àwọn tó ń gbé iṣẹ́ wọn rìn gbòde: Barbados àti Estonia ṣe tiwọn, Cape Verde náà sì ṣe ti oṣù mẹ́fà, tí ọmọ ECOWAS lè bèèrè fún, láìsan owó-orí níbẹ̀.

Àmọ́ físà kì í pa owó-orí ilé rẹ́. Òfin owó-orí tuntun Nàìjíríà, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 2026, ń wo ibi téèyàn ń gbé, kì í ṣe ibi tówó ti wá nìkan. Ẹni tó bá lo 183 ọjọ́ ní Nàìjíríà láàárín oṣù 12, tàbí tí ilé àti ẹbí rẹ̀ ṣì wà níbí, máa san owó-orí lórí gbogbo ohun tó ń wọlé fún un, dọ́là tàbí pọ́n-ùn. Ẹni tí owó rẹ̀ kò ju ₦800,000 lọ́dún kò ní san. Àdéhùn 1987 pẹ̀lú Bìrìtéènì kò jẹ́ kí wọ́n gbowó-orí lórí owó kan lẹ́ẹ̀mejì. Kò sírú rẹ̀ pẹ̀lú Amẹ́ríkà. Nítorí náà, kéèyàn tó wá físà, kó ti mọ ìjọba tó máa gba owó-orí rẹ̀.