Owó Ẹ̀tọ́ Èrò

Láti àwọn ọdún 1960 ni àwọn oníṣòwò léèsì wa ti ń rajà lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe é ní Lustenau, ní orílẹ̀-èdè Austria. Bàálù ló ń gbé àwọn ará ọjà Balógun lọ síbẹ̀. Síbẹ̀, òfin tó dáàbò bò wọ́n lójú ọ̀nà kò tíì rí èdè tó já gaara létí ará Ìsàlẹ̀ Èkó.

Òfin 261 ti Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ni. Ọdún 2004 ni wọ́n ṣe é, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kejì ọdún 2005. Ó de bàálù yòówù tó bá gbéra ní ilẹ̀ wọn. Bí a bá gbéra ní Ìkẹjà, bàálù ilé iṣẹ́ Yúróòpù nìkan ló dè. Èrò tó bá fi wákàtí mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ pẹ́ dé Frankfurt, tí ẹ̀bi sì jẹ́ ti ọlọ́kọ̀, €600 ló tọ́ sí i. Ìlú Ọba ní irú rẹ̀: £520.

Owó gbà-má-bìínú ni àwọn oníròyìn wa sábà máa ń pe owó yìí. Èmi kò fara mọ́ ọn. Ẹ̀bẹ̀ ni gbà-má-bìínú. Ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ ló mọ iye tó máa mú wá, àgbà tó wà níkàlẹ̀ á sì ní ká fi ìyẹn ṣe sùúrù. Iye ti òfin yìí ti wà nílẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í nájà rẹ̀. Owó ẹ̀tọ́ èrò ni kí a máa pè é. Ó rọrùn lẹ́nu, ó sì ti sọ ẹni tó ni ín. Owó tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń dá padà nígbà tí wọ́n bá fagi lé ìrìn àjò yàtọ̀ sí i, ọ̀kan kò sì gbọ́dọ̀ gbé èkejì mì.

Ibi tó le jù ni ohun tí òfin fi dá ọlọ́kọ̀ sí. Ahọ́n wa á sáré sọ pé "àmúwá Ọlọ́run". Ẹ jẹ́ ká sá fún un, nítorí bí a bá ti pe nǹkan bẹ́ẹ̀, ẹjọ́ ti parí nìyẹn. Ta ni yóò bá Ọlọ́run ṣẹjọ́? Ìjì líle lè yọ ọlọ́kọ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù kejìlá ọdún 2008, ilé ẹjọ́ Yúróòpù sọ nínú ẹjọ́ ilé iṣẹ́ bàálù Alitalia pé ẹ́ńjìnnì tó bàjẹ́ kì í sábà yọ ọ́, torí pé àtúnṣe ọkọ̀ wà lára iṣẹ́ ojoojúmọ́ rẹ̀. "Ohun tó ju agbára ọlọ́kọ̀ lọ" ni mo fara mọ́. Èrò tó bá gbọ́ ọ á lè bi wọ́n ní káńtà pé: báwo ló ṣe ju agbára yín lọ?

Òfin NCAA, àjọ tó ń rí sí ọkọ̀ òfurufú ní Nàìjíríà tiwa náà, ní Apá 19, fún èrò ní ẹ̀tọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ní Broad Street àti Marina, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ ọ́ ní Yorùbá fún oníbàárà yín kí wọ́n tó sanwó.