Kérékéré Orúnkún

Nínú gbogbo oríkèé ara ènìyàn, orúnkún ni ó tóbi jù. Níbẹ̀ ni egungun itan gbé jókòó lórí egungun ojúgun. Láàrin wọn sì ni kérékéré méjì wà, tí wọ́n rí bí oṣù tuntun.

Ní ọdún 1883, Thomas Annandale, oníṣẹ́-abẹ ní Edinburgh, rán irú kérékéré bẹ́ẹ̀ padà sí àyè rẹ̀ fún awakùsà kan. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1897, John Bland-Sutton ní Lọ́ńdọ̀nù kọ ọ́ sínú ìwé pé àjẹkù iṣan lásán ni wọ́n, wọn kò níṣẹ́ kankan. Nítorí náà, fún ọ̀pọ̀ ọdún, èyí tí ó bá ya, gígé ni wọ́n ń gé e sọnù.

Ní ọdún 1948, T. J. Fairbank fi àwòrán egungun hàn pé orúnkún tí a bá yọ kérékéré rẹ̀ a máa yí padà: àlàfo àárín egungun a dín kù, orí egungun itan a sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Kérékéré náà ni ó ń bá orúnkún pín ẹrù ara. Lónìí, èyí tí ó bá ṣeé rán ni a ń rán, gẹ́gẹ́ bí Annandale ti ṣe. Àìmọ iṣẹ́ ohun kan kò sọ ọ́ di aláìníṣẹ́.