E.g.: Ọ̀rọ̀ Tí Èdè Gẹ̀ẹ́sì Fi Ń Mú Àpẹẹrẹ Wá

E.g. ni ìkékúrú ọ̀rọ̀ Látìn méjì, exempli gratia, tí ìtumọ̀ wọn jẹ́ "nítorí àpẹẹrẹ", èyí tí àwọn tí ń kọ èdè Gẹ̀ẹ́sì máa ń fi sí àárín gbólóhùn nígbà tí wọ́n bá fẹ́ dárúkọ ohun kan tàbí méjì nínú ọ̀pọ̀ ohun tí ó jẹ́ ẹ̀yà kan náà, kí ohun tí wọ́n ń wí lè yé òǹkàwé láìjẹ́ pé wọ́n ka gbogbo rẹ̀ tán. Bí a bá ń kà á sókè, ẹlòmíràn a pe lẹ́tà méjèèjì bí wọ́n ti rí, ẹlòmíràn a sì pè é ní for example. Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúwàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀ a di odindi. Orí ìgbẹ́kẹ̀lé yìí gan-an ni e.g. dúró lé, nítorí ẹni tí ó lò ó gbà pé òǹkàwé yóò fi ìwọ̀nba tí a dárúkọ mọ èyí tí a kò dárúkọ.

Ìpilẹ̀ṣẹ̀

Fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, Látìn ni ìjọ Ọlọ́run àti àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Yúróòpù fi ń kọ̀wé, nígbà tí ó sì jẹ́ pé ọwọ́ ni wọ́n fi ń da ìwé kọ, sórí awọ ẹran tí owó rẹ̀ kò kéré, kò yani lẹ́nu pé àwọn akọ̀wé fẹ́ràn láti máa ké ọ̀rọ̀ kúrú. Ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún ni e.g. bẹ̀rẹ̀ sí fara hàn nínú ìwé tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ. Òun nìkan kọ́ ni ó ti ilé Látìn wá: i.e. wà níbẹ̀, tí í ṣe id est, "èyíinì ni", viz. wà níbẹ̀, tí í ṣe videlicet, tí ó máa ń ṣáájú orúkọ gbogbo ohun tí a ní lọ́kàn, etc. náà kò sì gbẹ́yìn, tí í ṣe et cetera, "àti àwọn yòókù".

Àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn tí ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ní ìtàn tiwọn. Example gba ẹnu àwọn ará Faransé kọjá láti inú exemplum, orúkọ tí àwọn oníwàásù ayé àtijọ́ ń pe ìtàn kúkúrú tí wọ́n fi ń ti ìwàásù lẹ́yìn. Irú rẹ̀ ni Geoffrey Chaucer fi sí ẹnu alárékérekè tí ń ta ìwé ìdáríjì nínú The Canterbury Tales, ẹni tí ń bú ojúkòkòrò níwájú ìjọ, tí òun fúnra rẹ̀ sì ń gba owó lọ́wọ́ wọn. Instance ní tirẹ̀ ti inú instantia wá, èyí tí ó jẹ́ pé, lẹ́nu àwọn onímọ̀ ìjiyàn, àpẹẹrẹ tí a mú wá láti fi bi ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ṣubú ni, kí ó tó yí padà di ohun tí a fi ń gbé ọ̀rọ̀ ara ẹni ró. Nínú wọn, such as nìkan ni kò jẹ Látìn ní gbèsè: ọmọ bíbí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, nítorí such ti wà lẹ́nu wọn láti ìgbà tí wọ́n ṣì ń pè é ní swilc.

Ìlò

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jùlọ ni kí a fi i.e. sí ipò e.g. Bí olùkọ́ bá kọ ọ́ pé kí àwọn ọmọ mú ohun ìkọ̀wé wá, e.g. báírò, ọmọ tí ó mú pẹ́ńsù wá kò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n bí ó bá kọ i.e. báírò, báírò nìkan ni ó béèrè, ọmọ tí ó mú pẹ́ńsù dání kò sì tí ì ṣe ohun tí a ní kí ó ṣe. Kò tún yẹ kí a fi etc. parí ohun tí a fi e.g. bẹ̀rẹ̀, nítorí e.g. ti wí tẹ́lẹ̀ pé a kò ka gbogbo rẹ̀ tán.

Ní ti àmì ìkọ̀wé, àwọn ará Amẹ́ríkà a máa fi kọ́mà tẹ̀lé e.g., ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì kì í sì í fi í. Ní 2016 ni àwọn tí ń bójú tó ìkànnì GOV.UK ti ìjọba Bìrìtìkó kéde pé àwọn yóò jáwọ́ nínú lílo eg, ọ̀kan nínú ìdí rẹ̀ sì ni pé àwọn ẹ̀rọ kan tí ń ka ìwé fún afọ́jú máa ń pè é bí ẹni ń pe ẹyin adìyẹ ní Gẹ̀ẹ́sì.

Nínú òfin

Níbi tí òfin bá wà ni ọ̀rọ̀ àpẹẹrẹ ti ń di ọ̀ràn ńlá. Àwọn amòfin ní ìlànà kan tí wọ́n ń pè ní ejusdem generis: bí òfin bá ka àwọn nǹkan kan lẹ́sẹẹsẹ, tí ó wá fi "àti òmíràn" tì í, èyí tí ó bá jọ àwọn tí a kà nìkan ni òfin náà mú. Ohun tí ó bá jọ ohun ni a fi í wé ohun, èèpo ẹ̀pà ni ó jọ pósí ẹ̀lírí. Ní Amẹ́ríkà, òfin kan tí wọ́n ṣe ní 1919 ka gbígbé ọkọ̀ tí a jí láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn sí ẹ̀ṣẹ̀. Ó dárúkọ mọ́tò, ọkọ̀ akẹ́rù àti alùpùpù, ó sì fi ọkọ̀ mìíràn gbogbo tí ń fi agbára ara rẹ̀ rìn, tí a kò ṣe fún ojú irin, parí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi òfin yìí dá ọkùnrin kan tí ń jẹ́ McBoyle lẹ́bi nítorí bàálù kan tí a jí, tí a gbé láti Illinois lọ sí Oklahoma, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ yí ìdájọ́ náà padà ní 1931. Adájọ́ Oliver Wendell Holmes ni ó kọ ìdájọ́ tuntun yìí, ó ní ohun tí ń rìn lórí ilẹ̀ ni ọ̀rọ̀ òfin náà ń mú wá sí ọkàn ará ìlú, a kò sì gbọdọ̀ fà á gùn títí yóò fi kan ohun tí ń fò lójú ọ̀run.

Àwọn òǹkọ̀wé Yorùbá náà ní b.a., ìkékúrú bí àpẹẹrẹ, tí wọ́n ń lò bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń lo e.g. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ kọ Gẹ̀ẹ́sì tí ó já gaara, kí ó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè bóyá díẹ̀ nínú púpọ̀ ni òun ń dárúkọ tàbí gbogbo rẹ̀: bí ó bá jẹ́ díẹ̀, e.g. ni kí ó lò. Bí ó bá jẹ́ gbogbo rẹ̀, i.e. tàbí viz. ni ó tọ́. Bí kò bá sì dá a lójú, kí ó kọ for example ní kíkún, kò ní ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà.