Ilé Iṣẹ́ Harker ní Walworth: Ògiri Nìkan Ni Òfin Ń Ṣọ́

Ẹni tó bá gba Queens Row kọjá ní Walworth, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, lè má fura pé ilé bíríkì gíga kan tó wà níbẹ̀ bá eré orí ìtàgé tan. Kò jọ gbọ̀ngàn eré rárá; bí ilé ìkẹ́rùsí ló rí. Ní ọdún 1904 ni wọ́n kọ́ ọ fún Joseph Harker, ọ̀kan lára àwọn ọ̀gá tó ń kun aṣọ ẹ̀yìn ìtàgé nígbà náà.

Harker kun aṣọ fún Henry Irving ní Lyceum, ó kùn ún fún Beerbohm Tree ní His Majesty's. Bram Stoker ló ń mójú tó ètò ìṣòwò Lyceum láyé ọjọ́un. Nígbà tí Stoker kọ Dracula, tó jáde ní 1897, orúkọ Harker ni agbẹjọ́rò inú rẹ̀ ń jẹ́. Ó mà ṣe o, Harker inú ìwé ni ayé mọ̀, wọn kò mọ èyí tó di búrọ́ọ̀ṣì mú.

Irú iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ló sọ bí ilé náà ṣe rí. Aṣọ ẹ̀yìn ìtàgé lè fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 40. Níbòmíràn ní Yúróòpù, ilẹ̀ ni wọ́n ń tẹ́ ẹ sí, tí ayàwòrán yóò máa rìn lórí rẹ̀ pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì onígi gígùn, bí ẹni ń gbálẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní tiwọn a máa gbé e kọ́. Wọn a kan aṣọ mọ́ férémù igi ńlá tó dúró létí ògiri, wọn a wá máa fi ẹ̀rọ fà á sókè, tàbí kí wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ gba àlàfo tóóró tí wọ́n dá sáàárín ilẹ̀ pákó. Ayàwòrán kò nílò àkàbà: ibi tó dúró sí ni sánmà àti gbòǹgbò igi yóò ti wá bá a. Ẹ̀tù ọ̀dà tí wọ́n pò mọ́ gúlúù awọ ẹran ni wọ́n ń lò, gbígbóná ni wọ́n sì ń kùn ún, nítorí gúlúù tó bá tutù ti dì nìyẹn.

Harker kú ní 1927. Lónìí, ilé náà wà nínú ìwé àwọn ilé tí ìjọba kà sí ohun ìtàn, ní ipele kejì. Síbẹ̀, nígbà tí ètò jáde láti sọ ọ́ di ọ́fíìsì àti ibùgbé, ariwo ta láàárín àwọn òṣìṣẹ́ ìtàgé. Ọ̀rọ̀ wọn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Òfin lè kọ̀ kí wọ́n wó ògiri. Kò lè pàṣẹ pé kí wọ́n máa kun aṣọ nínú rẹ̀. Owó ilé Lọ́ńdọ̀nù sì mọ èyí tó ń pa wọlé jù nínú ayàwòrán àti ayálégbé. Wọ́n lè dá férémù náà sí kí àlejò máa wò ó. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti fi pákó dí àlàfo ilẹ̀ yẹn, aṣọ ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 40 kò ní ríbi gbà mọ́.